Ilẹ̀kùn, Ẹnu Ọ̀nà àti Àjà: Ìṣòro Ògbufọ̀ Ọ̀rọ̀ Ilé Kíkọ́ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá

Ìfáárà

Nínú ìdánwò àṣewò kan tí a ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ jáde ní ilé-ìwé girama, gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè ògbufọ̀ tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ máàkì ìwé náà. Gbólóhùn náà nìyí:

(1) The old man stood at the door of his two-storey house and called his wife, who was upstairs.

Ó jọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó le nínú gbólóhùn yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ọmọ kíláàsì kẹta girama kò mọ̀. Ohun tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ni:

(2) Ọkùnrin arúgbó náà dúró ní ilẹ̀kùn ilé alájà méjì rẹ̀, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ tí ó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó kọ ọ́ báyìí:

(3) Bàbá àgbàlagbà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé alájà kan rẹ̀, ó sì ké pe ìyàwó rẹ̀ tí ó wà lókè.

Èmi gan-an ni mo fa ìlà pupa sí abẹ́ “alájà kan”. Méjì ni ìwé sọ, ọmọ kọ ẹyọ kan. Mo yọ máàkì méjì. Nígbà tí a dá ìwé padà fún wọn, ó tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé tí ìbéèrè yẹn ń sọ, irú ilé tiwa ni. Bàbá mi ni wọ́n kọ́ ọ. Dẹ́kìn kan ṣoṣo ni wọ́n dà sí i, sà.” Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Mo ní kí ó máa lọ, pé n óò tún un wò. Nígbà tí mo tún un wò tán, ojú tì mí díẹ̀, nítorí mo rí i pé ọmọ náà mọ ohun tí ó ń sọ jù mí lọ.

Bí alápatà méjì bá ń kun màlúù, oríkèé tí ọ̀kan ti ń gé e lè yàtọ̀ sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ẹran kan náà ni wọ́n ń kun. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ilé rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Yorùbá. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n wọn kò gé e ní oríkèé kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan yóò ṣìnà. Èyí tí ó burú jù ni pé àwa tí a ń máàkì lè ṣìnà pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á.

Ilẹ̀kùn kì í ṣe ẹnu ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò fún pákó tí à ń ṣí tí à ń tì, àti fún àyè tí à ń gbà wọlé. “Door” ni wọ́n ń pe méjèèjì. Lóòótọ́, wọ́n ní “doorway” fún àyè náà, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sí ẹnu wọn nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá: ilẹ̀kùn ni pákó, ẹnu ọ̀nà ni àyè. A lè yọ ilẹ̀kùn kúrò kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò sí ẹni tí ó lè gbé ẹnu ọ̀nà lọ síbì kankan. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn wà, bí èyí tí a ṣì ń kọ́ lọ́wọ́. Ilé tí kò ní ẹnu ọ̀nà, ibojì nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tí ó “dúró ní ilẹ̀kùn” nínú (2) kò dúró síbì kan tí Yorùbá mọ̀. Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí, tí “door” wà nínú gbogbo wọn:

(4) (a) Someone knocked at the door.
Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.
(b) She came in through the back door.
Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.
(c) Go and answer the door.
Lọ wo ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn.
(d) He lives next door.
Ilé tí ó tẹ̀lé tiwa ni ó ń gbé.
(e) They went from door to door.
Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.

Nínú márùn-ún, méjì péré ni ilẹ̀kùn ti jáde. Mo ti rí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ “Lọ dá ilẹ̀kùn lóhùn” fún (4c), tí olùkọ́ sì kọjá lọ láìfa ìlà sí i, bí ẹni pé ilẹ̀kùn ni ó sọ̀rọ̀.

“Ojúlé” inú (4e) yẹ fún àkíyèsí. Ojú àti ilé ni ó para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà, òun náà sì ni à ń kọ sí àdírẹ́sì: Ojúlé 12, Òpópónà báyìí báyìí. Àwọn baba wa fi ẹ̀yà ara ènìyàn pe ẹ̀yà ara ilé: ojú ni a fi ń mọ ilé kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹnu ni a ń gbà wọ inú rẹ̀, ẹ̀yìn ni a ń dáná sí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀. “Window” tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, lọ́wọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù tí ó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ wọn ní ayé àtijọ́ ni wọ́n ti yá a. Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè àwọn wọ̀nyí ni “ojú afẹ́fẹ́”.

Ògiri, odi, ìgànná

Ọ̀rọ̀ “wall” náà rí bákan náà, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ògiri ni ti ilé. Odi ni ti ìlú, èyí tí a mọ nítorí ogun. Ìgànná ni ògiri tí kò ní òrùlé lórí, tí a fi yí àgbàlá ká. Bí a bá ní ògiri tí kò lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò fi odi sí ipò ògiri nínú òwe yẹn. Ohun tí ó dùn mọ́ mi ni pé “wall” tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo rẹ̀, láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, odi ogun ni ó sì ń jẹ́ níbẹ̀. Èdè wọn ni ó gbé odi wọ inú yàrá.

Bí a ti ń sọ ti odi, ó yẹ kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí pé yàrà ni kòtò gígùn tí a gbẹ́ yí ìlú ká, bí irú èyí tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ. Yàrá ni ibi tí à ń sùn. Ẹni tí ó bá kọ “ó sùn sínú yàrà” ti sun ènìyàn sínú kòtò.

Bí a ṣe ń ka àjà

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Kí a tó lè mọ bí a ṣe ń ka àjà, ó yẹ kí a mọ ohun tí àjà jẹ́. Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́, bí ògiri yàrá bá ti ga tó bí a ṣe fẹ́, a óò to igi tí ó lágbára láti orí ògiri kan dé èkejì, a óò tẹ́ ọparun tàbí igi wẹ́wẹ́ lé e, a óò sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Èyí ni àjà. Òrùlé wà lókè rẹ̀ lọ́tọ̀, ìbáà ṣe ti koríko bẹẹrẹ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ìbáà ṣe ti ewé gbodogi ní ilẹ̀ igbó. Bí iná bá mú òrùlé, amọ̀ àjà kì í jẹ́ kí ó tètè já bọ́ sínú yàrá, àwọn ará ilé a sì rí àyè kó ẹrù jáde. Orí àjà yìí ni a ń kó àgbàdo, ẹ̀gúsí àti àwọn nǹkan mìíràn tí a kò fẹ́ kí ọ̀rinrin bà jẹ́ pamọ́ sí. Ènìyàn kì í gbé ibẹ̀.

Àwọn oníwàásù ìjọ CMS kọ́ ilé tí ènìyàn ń gbé ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, òun sì ni à ń pè ní ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tuntun ni, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa kò wá orúkọ lọ síbi tí ó jìnnà. Ohun tí a tẹ́ sí àárín ilé, tí ó pín ìsàlẹ̀ níyà sí òkè, wọ́n ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjà ni. Ilé tí ó bá ní i, tí a sì ń gbé orí rẹ̀, ilé alájà ni.

Nítorí náà, ìpín tí ó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè ni “alájà” ń kà. Ilé tí ó ní ìsàlẹ̀ àti òkè kan, ìpín kan ni ó wà níbẹ̀: ilé alájà kan. Dẹ́kìn tí bàbá akẹ́kọ̀ọ́ mi dà ni àjà ti ayé òde òní. “Storey” kì í ka ìpín. Ibùgbé tí ó wà lórí ara wọn ni ó ń kà, ti ìsàlẹ̀ sì wà nínú iye náà. Ó dà bí ìgbà tí a to abọ́ mẹ́ta léra, tí ẹnìkan ka abọ́, tí ẹnìkejì sì ka ibi tí abọ́ ti fara kan ara wọn. Mẹ́ta ni ẹni kìíní yóò pè, méjì ni ẹnìkejì yóò pè, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Kí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì má sì tètè rẹ́rìn-ín wa, nítorí ìkà tiwọn náà kò dúró sójú kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “storey” bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n “first floor” ni òkè àkọ́kọ́. Ìsàlẹ̀ ni “ground floor”, a kì í kà á mọ́ wọn. Ìyẹn ni pé ilé “two-storey” ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní “second floor” rárá. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gan-an ni “first floor”, òkè àkọ́kọ́ sì ni “second floor”. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń pe ilé tí ó ní ìsàlẹ̀ àti òkè kan ní “one-storey building”, èyí tí ó bá ìkà Yorùbá mu, ṣùgbọ́n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbà. Ẹ jẹ́ kí a kó wọn jọ lórí ilé kan náà, ilé bàbá arúgbó inú (1):

(5) (a) Ní Lọ́ńdọ̀nù: two-storey, ìyàwó wà ní first floor.
(b) Ní Amẹ́ríkà: two-story, ìyàwó wà ní second floor.
(d) Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà: one-storey, ìyàwó wà upstairs.
(e) Ní Yorùbá: ilé alájà kan, ìyàwó wà lókè.

Ẹ ṣe àkíyèsí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe kọ tiwọn nínú (5b). Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bá a pàdé nínú ìwé wọn tí kò sì fara balẹ̀, “ilé onítàn méjì” ni yóò kọ. Bí kò bá sì fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ nígbà tí ó padà dé ilé alájà, a óò ka ilé alájá méjì, ilé ẹni tí ó ní ajá méjì. Olùkọ́ tí ó ń wá àpẹẹrẹ tí yóò fi kọ́ ọmọ ní ìwúlò àmì ohùn kò ní láti wá a lọ sókèèrè.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òfin kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ Yorùbá ń tẹ̀ lé. Ilé tí ó bá kúrò ní kékeré, ìkà Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń borí. Ilé gíga tí ó wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1965, tí iná jó ní 1985, tí a sì tún ṣí ní 1992, “26 storeys” ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa rẹ̀. Alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì ni àwa náà ń pè é. Kò sí ẹni tí ó ń yọ ẹyọ kan kúrò nítorí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. (Orúkọ ilé yẹn náà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ògbufọ̀. “Cocoa House” ni Gẹ̀ẹ́sì pè é, Yorùbá pè é ní Ilé Àwọn Àgbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wo kòkó, Yorùbá wo ẹni tí ó gbìn ín.) Ó hàn pé ìkà méjì ni ó wà nínú èdè wa nísinsìnyí: ti àwọn ọ̀mọlé, tí ó ń ka dẹ́kìn, àti ti àwọn oníròyìn, tí ó ń túmọ̀ “storey” tààrà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti máàkì nìkan. Nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀kan nínú ohun tí àríyànjiyàn dá lé lórí ni iye àjà tí ìwé àṣẹ gbà wọ́n láyè láti kọ́. Ẹni tí ó bá ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń kà.

Àbá tèmi ni pé kí a gba “ilé alájà kan” wọlé fún “two-storey house” nínú ìdánwò, kí a sì gba “ilé alájà méjì” pẹ̀lú, nítorí ó ti wà lẹ́nu ènìyàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ “ilé tí ó ní ìsàlẹ̀ àti òkè kan”, òun ni ó ṣe é jù, nítorí kò fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì. Ẹni tí ó ń ṣètò ìbéèrè ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìkà tí òun ń lò, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìlànà ìmáàkì kí ìwé tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò máàkì rẹ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe “upstairs” mọ́

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé láti ara “upstairs” ni a ti fa pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yọ. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó yí iṣẹ́ padà. Ibi tí ènìyàn wà tàbí ibi tí ó ń lọ ni ó ń tọ́ka sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ ni, odindi ilé ni ó sì ń jẹ́. Nítorí náà, bí ìyàwó bá “wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì” nínú (2), ó lè wà ní ìsàlẹ̀ ilé náà; ó tilẹ̀ lè wà ní ilé ẹlòmíràn tí ó jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. “Lókè” ni “upstairs”. Àṣìṣe yìí ní èkejì tí ó ń bá àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì fínra. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ sínú aròkọ Gẹ̀ẹ́sì pé “My father built an upstairs”. Kò lè jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Ohun kan wà nínú ìtàn ọ̀rọ̀ yìí tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Àwọn tí ó sọ irú ilé yìí di ohun tí ó gbajúmọ̀ ní Èkó kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Àgùdà ni, àwọn ọmọ wa tí ó ti Brazil padà dé, tí wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti ti káfíńtà bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí a ṣí ní 1894. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ lẹ́nu iṣẹ́, “sobrado” sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe ilé olókè ní Brazil. Orúkọ yẹn kò mú ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àgùdà kọ́ ilé, Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ lórúkọ.

Nítorí pé mo dárúkọ àwọn Àgùdà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan kún un. “Collapse” àti “demolish” jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí ó yàtọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n “wó” ni àwọn méjèèjì lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ó yà wọ́n ni bóyá olùṣe wà nínú gbólóhùn tàbí kò sí. Ní Tinúbú, ilé àwọn Àgùdà kan wà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí à ń pè ní Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a kò rí i mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ “The house was demolished” sí “Ilé náà wó” ti dá ẹni tí ó wó o láre. Ilé náà kò wó. Wọ́n wó o ni. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ẹni tí ó ṣe nǹkan pamọ́ nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀; Yorùbá gbọ́dọ̀ sọ ó kéré tán pé “wọ́n”. Mo máa ń yọ máàkì níbí, n kò sì ní dẹ́kun.

Ọ̀rọ̀ àyálò: èwo ni kí a fa ìlà sí?

Àwọn kan wà nínú wa tí ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò sí ọ̀lẹ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni olórí ọ̀lẹ. Lóòótọ́, “house”, “roof”, “door” àti “floor” jẹ́ tiwọn láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn Normandi ṣẹ́gun wọn ní 1066, “chamber”, “pillar”, “tower” àti “mason” bá èdè Faransé wọlé. Láti inú Faransé náà ni “parlour” ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “sọ̀rọ̀”. Látìn ni ó ni “kitchen”. “Bungalow” ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Ilé irú ti àwọn ará Bẹ̀ńgálì ni ó ń jẹ́. “Veranda” náà, Íńdíà ni wọ́n ti kó o bọ̀. Pálọ̀ tí à ń pè lónìí ti rìn láti ilẹ̀ Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé Ìbàdàn.

Ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé kò le. N kì í fa ìlà sí sìmẹ́ńtì, bíríkì, búlọ́ọ̀kù tàbí páànù, nítorí ọ̀rọ̀ àti ohun náà jọ dé ni, kò sì sí èyí tí ó wà ní ipò wọn tẹ́lẹ̀. Mo máa ń fa ìlà sí “wíńdò”, nítorí fèrèsé wà, gbogbo ọmọ tí ó ti gbọ́ ìtàn Nóà sì ti gbọ́ ọ. Àárín méjèèjì ni ìṣòro wà. Ẹ wo ohun tí a ń dá sórí ẹnu ọ̀nà kí ògiri òkè rẹ̀ má baà wó lulẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “lintel”. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un: àtẹ́rígbà. Ó wà nínú Bíbélì, níbi tí a ti sọ pé kí a fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn kùn ún ní alẹ́ Àjọ Ìrékọjá. Mo bi kíláàsì kan léèrè. Àwọn ọmọ tí ó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́; ọ̀kan ní irú ife kan ni. Ọmọ bíríkìlà wa mọ ohun náà dunjú, ó mọ iye irin tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n “líńtẹ̀lì” ni ó ń pè é. Ìṣẹ́jú kan ni ó gbà mí láti so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ohun, nípa títọ́ka sí orí ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 àti 1990 ti ràn wá lọ́wọ́ gan-an nínú ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ kò sí lára ohun tí wọ́n dá lé lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré ni kí ó gbé ìwé rẹ̀ lọ.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní

A ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà kan ni ògbufọ̀ ń gbà. Bí a bá yí i padà, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wá máa wá ọ̀rọ̀. Kọ̀bì, èyí tí ó yọ síwájú láti ara ààfin, tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, “porch” ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ “porch” kò ní oyè nínú. “Corridor” tí wọ́n fi ń túmọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà àkọjá lásán ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ dojú kọ àgbàlá. Ibẹ̀ ni àgbà ń jókòó sí, ibẹ̀ ni a ti ń gbàlejò, tí a ti ń parí ìjà, tí obìnrin ti ń ṣòwú. Ẹni tí ó bá pè é ní “corridor” ti lé gbogbo wọn kúrò níbẹ̀.

Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì láàárín 1910 sí 1914, ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Chicago ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ni “veranda post”. Iṣẹ́ Yorùbá, nílé Amẹ́ríkà, tí a fi ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kó bọ̀ láti Íńdíà pè. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wa túmọ̀ rẹ̀ padà, “òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀” ni mo fẹ́ kí ó kọ, kì í ṣe “òpó fàráńdà”.

Agbo ilé ni ó le jù. “Compound” ni gbogbo ìwé ń pè é. Ilẹ̀ tí a sọgbà yí ká ni “compound”, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti yá a láti èdè àwọn ará Màléè. Agbo ilé kì í ṣe ilẹ̀. Ènìyàn ni: àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá bi ènìyàn pé, “Ọmọ ilé wo ni ọ́?”, kì í ṣe àdírẹ́sì ni a ń béèrè. Ilé náà lè ti wó, kí a ti fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe títì, síbẹ̀ ọmọ ilé náà ṣì ni. N kò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó gbé gbogbo èyí, n kì í sì yọ máàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi “agbo ilé” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀.

Mo dá máàkì méjì tí mo yọ padà fún ọmọ bíríkìlà. Ẹlẹgbẹ́ mi kò bá mi jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà tán. Ó ní ohun tí rédíò àti ìwé ìròyìn bá ti ń pè ní alájà méjì, alájà méjì ni, bí ó ti wù kí dẹ́kìn rẹ̀ mọ. Lẹ́nu ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, ọmọ náà sì wà nítòsí tí ó ń gbọ́ wa. Nínú ìdánwò àṣewò tí ó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i kí a yí ìbéèrè padà sí “a house with one floor above the ground floor”, títí a óò fi mọ ẹni tí ó jàre.